Ìròyìn ogun ò jẹ́ kí bàbá mi sùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Látìgbà tógun ti bẹ̀rẹ̀ ní Sudan ní April 2023 ni bàbá mi ti ń gbé rédíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, aago méjì òru ẹ ó ṣì máa gbọ́ Khartoum, Gaza, Ukraine, ilẹ̀ á mọ́ ojú wọn á pọ́n, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo gbé rédíò pamọ́ nígbà kan, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta. Dókítà ní kí wọ́n máa sùn dáadáa, wọ́n kàn mirí ni. Àánú ọmọ ọlọ́mọ tó ń ṣe wọ́n yẹn, mi ò fẹ́ kó kúrò lára wọn o. Báwo ni mo ṣe lè bá wọn sọ ọ́ tí wọ́n á fi máa pa rédíò lálẹ́, tí ò ní dà bíi pé mò ń pàṣẹ fún wọn? Ẹ ṣeun gan-an ni o.