Ìwé àlọ́ Màmá: àmì ń sá, àwòrán ń fò, ohùn ò sí níbẹ̀

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Màmá mi ní Ìkìrun máa pé ọmọ ọdún 80 ní December. Ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń pa àlọ́ fún àwọn ìbejì mi lórí WhatsApp, voice note 23 ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Àwọn ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá, wọn ò lè kà á. Mo wá ní kí n sọ àlọ́ náà di ìwé: kí wọ́n rí ọ̀rọ̀, kí wọ́n rí àwòrán, kí wọ́n sì máa gbọ́ ohùn Màmá níbẹ̀.

Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sínú Word, ó di ojú ìwé 61. Mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi, ó ní lórí fóònù òun, àwòrán Ìjàpá ti fò lọ sáàárín àlọ́ Ajá, àwọn lẹ́tà kan sì ti di àpótí kéékèèké. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ládùúgbò wa, ìyẹn tún burú jù: níbi tí Yánníbo ti gbé ọkọ́ lé èjìká, ohun tó jáde lórí bébà ni pé ó gbé "oko" lé èjìká. Odindi oko! Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Bọ̀dá Lékan, Houston
Ìyá Ìbejì, ẹ sọ ọ́ di PDF kí ẹ lọ sùn.

Dámọ́lá, Berlin
Bọ̀dá, ẹ má bínú, sà. PDF dáa fún ìtẹ̀wé, torí bí ojú ìwé ṣe rí níbí náà ló máa rí níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, ọmọ á máa fi ìka méjì fa ọ̀rọ̀ tóbi, á máa tì í sọ́tùn-ún, á máa tì í sósì. Ohùn tí wọ́n bá sì fi sínú PDF, ọ̀pọ̀ fóònù ni kò ní gbé e jáde. EPUB ni wọ́n nílò, ìyẹn irú fáìlì ìwé tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa ń to ara rẹ̀ bá ojú fóònù mu.

Bọ̀dá Lékan
Ó dáa, mo ti jókòó. Ẹ máa sọ ọ́.

Àǹtí Bísí, Toronto
Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ kí Màmá pẹ́ fún wa. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè méjì ná. Ẹ fi kọ́sọ̀ sórí àkọlé àlọ́ kan, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Styles sí lókè: ṣé Heading 1 ló wà níbẹ̀ ni àbí Normal? Èkejì: báwo lẹ ṣe tẹ ẹ, ọ àti ṣ?

Ìyá Ìbejì
Normal ni, mà. Mo kàn sọ ọ́ di bold, mo fà á tóbi, mo wá ń tẹ Enter títí ojú ìwé fi yí. Ní ti lẹ́tà, àlọ́ mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, e lásán ni mo tẹ̀ tí mo wá fa ìlà sí nídìí. Àmì ohùn ò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ìgbà tó yá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi fi Yorùbá sí Gboard lórí fóònù, òun ni mo fi tẹ ìyókù.

Àǹtí Bísí
Ẹ̀rín pa mí, ẹ má bínú. Kò sí ẹni tí kò ṣe é rí nínú wa.

Àkọlé yín yẹn, aṣọ lẹ wọ̀ fún un, ẹ ò sọ ọ́ lórúkọ. Ojú yín rí lẹ́tà gbàgàdà, ẹ mọ̀ pé àlọ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ bíi tàwọn tó kù ni, ó kàn sanra ni. Enter mẹ́jọ tí ẹ tẹ̀ bá bébà A4 mu. Tó bá dórí fóònù, àlàfo gbọọrọ lásán ló máa dà. Ẹ mú àwọn àkọlé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún wọn ní Heading 1. Ibi tí Màmá ti ń dá orin tí àwọn ọmọ ń gbè é, ẹ má fi spacebar tì í sínú. Ẹ dá style tuntun sílẹ̀, kí ẹ pè é ní Orin. Lọ́jọ́ tó bá wù yín kí orin rí wínníwínní tàbí kó dagun, ojú kan lẹ máa yí padà, gbogbo orin inú ìwé á sì tẹ̀ lé e. Àwòrán náà, "In line with text" ni kẹ́ ẹ fi sí, kó jókòó láàárín ìpínrọ̀ méjì bí ọ̀rọ̀. Torí pé ẹ jẹ́ kó léfòó ló ṣe rìn lọ sọ́dọ̀ Ajá.

Lẹ́tà ńkọ́? Ìlà tí ẹ fà sídìí e, ọ̀ṣọ́ ni. e ṣì ni e. Ẹni tó bá ti da ọ̀rọ̀ náà kọ síbòmíràn, ìlà á já bọ́, bí ọkọ́ ṣe di oko lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé nìyẹn. Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ pé ẹ ò fi àmì ohùn sí i, torí ohun tí Yánníbo ì bá gbé lé èjìká, n ò lè kọ ọ́ síbí.

ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ wọ́n: U+1EB9, U+1ECD, U+1E63. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Ẹ dán an wò: ẹ tẹ ẹ́ sínú Word, kí ẹ tẹ Backspace lẹ́ẹ̀kan. Àmì orí nìkan ló máa lọ, ẹ á ṣẹ́kù síbẹ̀. Nǹkan méjì ló gun ara wọn. Fọ́ǹtì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì lé lẹ́tà lórí á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn á ya àpótí fún yín. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif mọ̀ ọ́n gbé. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwé àṣẹ wọn sì gbà kí ẹ dì wọ́n mọ́ inú ìwé, kí ẹni tí kò ní wọn lórí fóònù rẹ̀ lè rí ohun tí ẹ̀yin rí.

Bọ̀dá Lékan
Àǹtí Bísí, mo ti tẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀kọ̀. Olúwa ló yọ Ìyá Ìbejì.

Dámọ́lá
Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí orúkọ EPUB bà yín lẹ́rù. Àpò ni. Ẹ da ọ̀kan kọ, kí ẹ yí .epub tó wà nídìí rẹ̀ sí .zip, kí ẹ ṣí i: ẹ máa bá ojú ìwé bíi ti íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, àwòrán, fọ́ǹtì, àti fáìlì kan tó ka gbogbo ẹrù inú àpò, tó sì sọ èyí tó ṣáájú. EPUB 3, tó jáde ní 2011, ló ṣílẹ̀kùn fún ohùn àti fídíò.

Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ Calibre, á sọ Word yín di EPUB lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn Heading 1 yẹn ló sì máa fi to àwọn orí. Ẹ yan version 3 níbi EPUB output o, torí 2 ló máa ń ṣe tí ẹ ò bá bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Sigil, ètò tí wọ́n fi ń tún inú EPUB ṣe, ṣí i, kí ẹ fi ohùn kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àkọlé rẹ̀. Èmi fi ọwọ́ ara mi zip àpò tèmi lórí Mac nígbà kan, kò sí ẹ̀rọ tó gbà á. Fáìlì bíńtín kan wà tó ń jẹ́ mimetype, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé, a ò sì gbọdọ̀ fún un pọ̀. Odindi Sátidé mi ló bá a lọ. Sigil á bá yín ṣe ìyẹn. Ẹ fi EPUBCheck, ètò tó ń wá àṣìṣe inú EPUB, yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó pín in.

Ìyá Ìbejì
Ṣé mo lè gbé voice note síbẹ̀ bó ṣe wà?

Àǹtí Bísí
Rárá o. Irú fáìlì ohùn tí wọ́n ń pè ní Opus ni voice note WhatsApp, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìkàwé ò ní gbé e jáde. VLC, ètò tó ń gbé ohùn àti fídíò jáde, á sọ ọ́ di MP3 fún yín. Mono, 64 kbps ti tó: ìṣẹ́jú kan á gba nǹkan bíi 480 KB, àlọ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà ò ní tó 3 MB. Ẹ má gbé e sí 320 pé kí ohùn lè já gaara, ohun tí WhatsApp ti gé kúrò ò padà wá mọ́.

Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ èdè sí nínú Sigil, kó jẹ́ yo. Tó bá jẹ́ en ni, fóònù tó ń kàwé sókè á ka Ìjàpá bí òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ní Murtala Muhammed.

Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn ọmọ gbọ́ Yorùbá tí wọn ò lè kà á, nǹkan kan wà tó dáa ju ohùn lásán lọ. Wọ́n ń pè é ní media overlay. Bí Màmá ṣe ń sọ̀rọ̀, gbólóhùn tí wọ́n wà lórí rẹ̀ á máa tàn. Fáìlì SMIL ló ń ṣe é: ó so gbólóhùn kọ̀ọ̀kan mọ́ ìṣẹ́jú àáyá tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí. Ẹ lè fi Label inú Audacity, ètò tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe, sàmì síbẹ̀, kí ẹ export wọn, á to àwọn ìṣẹ́jú àáyá náà sójú kan fún yín. Iṣẹ́ ni o! Àlọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin kan gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ Friday mi. Ẹ ṣe ọ̀kan péré, èyí tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, kí ẹ fi Thorium Reader ṣí i lórí kọ̀ǹpútà.

Ìyá Àdùkẹ́, Dublin
Màmá fúnra wọn ńkọ́? Ẹ bá wọn tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, lẹ́tà ńláńlá, kí ẹ fi QR kọ́ọ̀dù sídìí àlọ́ kọ̀ọ̀kan.

Dámọ́lá
Ó dáa bẹ́ẹ̀, mà, àmọ́ ojú ọ̀nà lásán ni QR. Ọjọ́ tí ibi tí ẹ kó ohùn sí bá kógbá sílé, ó parí. Ẹ má sì kó fọ́tò àwọn ọmọ síbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Fún ti bébà, àwòrán tó fẹ̀ ní ínṣì 6 gbọ́dọ̀ tó píksẹ́lì 1800. Kí ẹni tó bá ń fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp fi í ránṣẹ́ bíi Document.

Bọ̀dá Lékan
Tí a bá fẹ́ tà á ńkọ́?

Àǹtí Bísí
Nígbà náà lẹ máa wá ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀. Ní Kánádà níbí, ọ̀fẹ́ ni. Ní UK, Nielsen ló ń tà á, Bowker ló ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ìwé tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ síta ní UK, ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ dé British Library láàárín oṣù kan. Ẹ kọ́kọ́ bi Màmá ná.

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti tún àlọ́ mẹ́sàn-án yẹn tẹ̀ látòkè délẹ̀. EPUBCheck kọ́kọ́ bú mi ní ìgbà 14, alẹ́ àná ló tó dákẹ́. Mo ṣe media overlay fún ọ̀kan, mo pe àwọn ìbejì. Táíwò ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń tàn. Kẹ́hìndé ní, "Mummy, ẹ fo ibì kan." Mo ní mi ò fo ibì kankan. A dá a padà. Lóòótọ́, láàárín àlọ́, ohùn Màmá ń lọ, kò sí nǹkan kan tó ń tàn: "Ewúrẹ́ yìí! Ta ló ṣí géètì sílẹ̀? Ó ti dédìí èlùbọ́ mi!" Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Nígbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́, mo ti fò ó. Ṣé kí n gé e kúrò nínú ohùn ni?

Àǹtí Bísí
Ẹ má dán an wò! Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì
Style wo ni kí n wá fún un, mà? Heading kọ́, Orin kọ́.

Àǹtí Bísí
Ẹ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ pè é ní Ewúrẹ́.