Pẹpẹ adádúró àti pákó ilé àwókù: èrò tèmi lórí orúkọ méjèèjì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Mo ti ka gbogbo àbá tó wá lórí ìbéèrè tí wọ́n gbé síwájú wa: kí ni kí a máa pe tábìlì gíga tó ń wà láàárín ilé ìdáná òde òní, èyí tí kò fara ti ògiri, tí èèyàn lè rìn yí ká? Kí sì ni orúkọ pákó àtijọ́ tí wọ́n ń tún fá láti fi ṣe ojú rẹ̀? Ìwé ìlànà fún àwọn ọmọ iṣẹ́ káfíńtà ni ẹni tó béèrè ń kọ. Ayùn máa wà lọ́wọ́ ẹni tó máa kà á, nítorí náà ó yẹ kí orúkọ tí a bá mú rán an létí ohun tó yẹ kó ṣọ́ra fún.

Mi ò fara mọ́ "erékùṣù ilé ìdáná" rárá. Ilẹ̀ tí omi yí ká là ń pè ní erékùṣù. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, ó máa béèrè bóyá òjò wọlé ni. Gẹ̀ẹ́sì ló fi nǹkan yẹn wé erékùṣù, kò sì di dandan kí àwa náà fi wé e. Nígbà tí Henry Townsend, míṣọ́nnárì kan, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé jáde fún àwọn Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta níbí ní 1859, Ìwé Ìròhìn ni orúkọ tó jẹ́. Wọn ò wá "tuntun" kún un torí pé Gẹ̀ẹ́sì ní "new" nínú "newspaper". Ìwé ni, ìròhìn ló gbé wá, ó parí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu wa dòní.

"Tábìlì àárín" sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ nǹkan mìíràn ti ń jẹ́ ẹ. Èyí tí a ń gbé sáàárín àga ní pálọ̀ ni gbogbo èèyàn mọ̀ sí tábìlì àárín, kò sì ga ju orúnkún lọ.

"Pẹpẹ adádúró" ni mo gbè lẹ́yìn. Àwọn kan ní pẹpẹ ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́, àmọ́ inú ilé ni àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ti bá a. Nínú ilé alámọ̀, ibi gíga tí wọ́n mọ láti gbé ìkòkò àti awo lé ni pẹpẹ. Ó ti bá ààrò gbé pọ̀ kó tó bá àlùfáà gbé. Ṣé ẹni tó ń gé ewédú lórí rẹ̀ máa rò pé ẹbọ lòun ń rú?

"Adádúró" gan-an ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú orúkọ náà. Ó sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kò sí ògiri tó máa bò ó láṣìírí: ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló hàn síta, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ dán. Àwọn tó ń dáná máa fara tì í níhìn-ín, àwọn ọmọ máa jókòó tì í lọ́hùn-ún, nítorí náà tí gíga rẹ̀ bá jẹ́ ínṣì 36, kí ojú rẹ̀ yọ síta tó ínṣì 15 níbi tí wọ́n máa jókòó sí, kí orúnkún wọn lè ráyè.

Lórí pákó, àbá mẹ́rin ló wà nílẹ̀. "Tòkunbọ̀" kò bá a mu. Pákó tí wọ́n yọ nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Aké, òkun wo ló ti bọ̀? "Àtúnlò" ń sọ ohun tí a fẹ́ fi pákó ṣe, kò sọ ohun tí ojú pákó ti rí. "Àlòkù" tọ̀nà, ọjà pákó gan-an máa gbọ́ ọ, àmọ́ bàtà ń jẹ́ àlòkù, mọ́tò ń jẹ́ àlòkù. Èmi fẹ́ "pákó ilé àwókù", torí ó sọ ibi tó ti wá, ibi tó ti wá ló sì ni gbogbo ewu tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀gá káfíńtà kan ní Láfẹ́nwá ṣe ń ṣe é. Pákó ìrókò ni, láti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èéfín àti ìdọ̀tí ti sọ ojú rẹ̀ di dúdú. Kò kọ́kọ́ mú ìfági. Mágínẹ́ẹ̀tì ló mú, ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lójú pákó, ó sì dúró gbagidi níbi tí ojú kò rí nǹkan kan. Ìṣó wà nísàlẹ̀ ọ̀dà, orí rẹ̀ ti já. Ó gbẹ́ ẹ jáde, òrùka dúdú kan sì kù yí ihò náà ká, níbi tí irin tó dípẹtà ti bá oje igi jà. Ìgbà yẹn ló tó fá a. Ìfá àkọ́kọ́ rí bí eérú. Èyí tó tẹ̀ lé e pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì máa ṣú sí i tí ìmọ́lẹ̀ bá ń kàn án. Ìrókò tún máa ń ní òkúta funfun nínú tí kì í jẹ́ kí ayùn mú mọ́, eruku rẹ̀ sì máa ń yọ imú àti ọ̀fun lẹ́nu. Kí wọ́n fi nǹkan bomú.

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi lé ikán máa ń wọ inú igi lọ jìnnà, kò sì sí ìfági tó lè fá a tán. Irú pákó bẹ́ẹ̀ kò yẹ lójú pẹpẹ oúnjẹ. Ẹni tó bá gbọ́ "ilé àwókù" máa rántí bi ẹni tó ń tà á pé irú ilé wo ni. "Àlòkù" kò ní jẹ́ kó bi í.

Wọ́n ní orúkọ náà máa lé oníbàárà sá. Ilé ló wó, pákó kò wó. Àmọ́ pákó tí wọ́n tú lára àpótí ẹrù kò ti ilé kankan wá, ìyẹn kó máa jẹ́ àlòkù.

Fún òkè rẹ̀, "ojú pẹpẹ" ni, kì í ṣe "orí". Orí ni a ń gbé nǹkan lé, ojú ni a ń fá, tí a sì ń fi òróró pa. Kí ìwé náà sọ ọ́ kedere pé epo pupa kọ́ o: kì í gbẹ, ó sì máa ń kan. Òróró parafíìnì tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì, tí a yọ́ ìda oyin díẹ̀ sí, ló dára.

Ohun kan ṣì kù. Ojú pẹpẹ máa ń wú ní ìbú nígbà òjò, ó ń súnkì nígbà ọyẹ́, nítorí náà ihò gígùn ni a ń lu sí igi abẹ́ rẹ̀ kí síkúrù lè ráyè sún. Ẹni tó bá dè é pinpin, pákó máa là. "Ihò ìsún" ni mo ń pe ihò yẹn. Ẹ̀yin ará Oǹdó àti Èkìtì tí ẹ mọ iṣẹ́ igi, kí ni àwọn ọ̀gá yín ń pè é?