Ṣé ìgbéyàwó akọsákọ àti abosábo ṣọ̀wọ́n ju ti takọtabo lọ lóòótọ́?

Ará Kúbwà: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Iyàn ńlá kan wáyé ní ibi iṣẹ́ wa ní Wúsè lórí ìwádìí tí Gallup, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí èrò àwọn ará ìlú, gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2017. Nínú àwọn àgbàlagbà tó pe ara wọn ní ẹni tí kì í fẹ́ takọtabo nìkan, pẹ̀lú àwọn tó yí padà di akọ tàbí abo, nǹkan bí 10 péré nínú 100 ló fẹ́ akọ tàbí abo ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀gá wa ní èyí fi hàn pé wọn kò ka ìgbéyàwó sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Onísirò Gwarinpa: Àbúrò, bi ọ̀gá yín pé 10 nínú àwọn wo? Ìwádìí yẹn kan náà sọ pé nǹkan bí 13 nínú 100 wọn ló wà nínú ìgbéyàwó takọtabo, nítorí pé àwọn tí ọkàn wọn ń fà sí tọkùnrin tobìnrin pọ̀ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá mú kìkì àwọn akọsákọ àti abosábo tó ń gbé pọ̀ bíi lọ́kọláya, 61 nínú 100 ló ti ṣègbéyàwó, bẹ́ẹ̀ 38 ni ṣáájú ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fi fàyè gba irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹfà, 2015. Ti takọtabo tó ń gbé pọ̀ ṣì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lé ní 80. Àmọ́ ti takọtabo kì í ṣe ohun tí òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gbà jákèjádò ilẹ̀ náà ní ọdún méjì péré ṣáájú ìwádìí yẹn.

Ìyá Ìbejì, Nyanya: Èmi kò fara mọ́ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ẹ̀sìn mi kò gbà á, ṣùgbọ́n ìṣirò Onísirò yé mi. Ní àdúgbò wa, wọ́n á ta kánópì dí ojú títì ní ọjọ́ Sátidé, àlùfáà á so yìgì, a ó jẹ àmàlà, a ó gba ike tí wọ́n ń pín, kò sì sí ẹni tí yóò yà sí kóòtù. Bí ó bá jẹ́ ìwé kóòtù nìkan ni wọ́n ń kà, wọn ìbá ní àwa náà kì í gbéyàwó.

Ará Kúbwà: Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ti Nàìjíríà ńkọ́?

Onísirò Gwarinpa: Ibo la ó ti rí i? Òfin tí Ààrẹ Jonathan buwọ́ lù ní oṣù Kìíní, 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí èyí tí ìjọba lè kà. Bí ọ̀gá yín bá fẹ́ ti Áfíríkà, Gúúsù Áfíríkà ni kí ó wò, níbi tí òfin ti fàyè gbà á láti 2006.