Spirits of St. Louis: ẹgbẹ́ básíkẹ́tì wo nìyí?

ỌmọMushin:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà inú básíkẹ́tì. Mo ra jẹ́sì kan lánàá ní Katangua, nínú aṣọ òkìrìkà. "Spirits of St. Louis" ni wọ́n kọ sí i láyà. Láti JSS1 ni mo ti ń wo NBA, n kò gbọ́ orúkọ yìí rí. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹgbẹ́ náà ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n pé àwọn tó ni ín gbowó lọ́wọ́ NBA fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Báwo ni ìyẹn ṣe jẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lọ́yẹ̀.

BàbáKíké:
Àbúrò, o bá mi nílé. St. Louis ni mo ń gbé láti 1996.

Lóṣù kejì 1999, èmi àti ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ọmọ ìlú yìí, jọ dúró ní Forest Park nínú òtútù, à ń wo bí wọ́n ṣe fẹ́ fi àdó olóró wó St. Louis Arena, gbọ̀ngàn eré ìdárayá ńlá ìlú yìí. Ó dún gbì, ó tún dún gbì, òrùlé ńlá yẹn bá rọra jókòó sílẹ̀, eruku bo gbogbo ibẹ̀. Mo wojú ọ̀gá mi, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo ṣebí hockey, eré orí yìnyín, ló ń rántí, torí ibẹ̀ làwọn Blues, ẹgbẹ́ hockey ìlú yìí, ti ń gbá a. Ó ní rárá o, Spirits ni, ibẹ̀ làwọn náà ti ń gbá básíkẹ́tì. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ wọn.

Ọdún méjì péré ni wọ́n lò láyé, 1974 sí 1976. Inú ABA ni wọ́n wà, líìgì tó ń bá NBA figagbága, tó ń gbá bọ́ọ̀lù pupa, funfun àti búlúù. Carolina Cougars ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Ozzie àti Daniel Silna, oníṣòwò aṣọ, tó rà wọ́n. Ọkọ̀ òfuurufú tí Charles Lindbergh nìkan fi sọdá òkun Àtìláńtíìkì ní 1927 ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ.

Ìdíje ọdún àkọ́kọ́ ni ọ̀gá mi kì í yé sọ. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, 32 ni wọ́n borí. New York Nets, tí Julius Erving wà, tó gba ife lọ́dún tó ṣáájú, ni wọ́n sì bá pàdé ní ìpele àkọ́kọ́ ìdíje ife (playoffs). Ta ló fọkàn sí i? Àwọn Spirits lù wọ́n 4 sí 1! Freddie Lewis ló ju bọ́ọ̀lù tó parí ẹ̀ sáwọ̀n nígbà tí aago ti fẹ́ẹ̀ tán. Marvin Barnes, ọmọ tuntun nínú líìgì, ń gbá a bí ẹni tí wọ́n dá fún un.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó. Ní 1976, NBA gba ẹgbẹ́ mẹ́rin wọlé láti ABA: Nets, Nuggets, Pacers àti Spurs. Wọn ò gba St. Louis àti Kentucky. Olówó Kentucky gba nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, ó kọrí síbi tó ń lọ. Àwọn Silna gba mílíọ̀nù 2.2, wọ́n tún ní kí ẹgbẹ́ mẹ́rin yẹn máa fún àwọn ní ìdá kan nínú méje owó tẹlifíṣọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ń gbà, níwọ̀n ìgbà tí NBA bá ṣì wà láyé. Nígbà yẹn, owó tẹlifíṣọ̀n ò tó nǹkan, kò sẹ́ni tó kà á sí. Àwọn ìràwọ̀ bíi Magic àti Bird dé, Jordan dé, owó di òkun. Nígbà tó fi máa di 2014, tí NBA fi mílíọ̀nù 500 dọ́là bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ á pa èyí tó pọ̀ jù nínú àdéhùn yìí rẹ́, wọ́n ti gbà tó mílíọ̀nù 300.

ÀjọkẹHouston:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹ fo Moses Malone! Láti iléèwé gíríámà ni agbábọ́ọ̀lù yẹn ti bọ́ sí Utah Stars, ẹgbẹ́ ABA mìíràn. Nígbà tí Utah dàrú lópin 1975, Spirits ló gbà á. Níkẹyìn ó dé Houston níbí. Ní Fonde Recreation Center, òun ló ń fi ìgbá tó le kọ́ ọmọ wa, Hakeem Ọlájuwọ̀n, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé. Mo máa ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá, orí mi a wú.

ỌmọMushin:
Háà! Moses wọ irú jẹ́sì yìí? Ẹ̀gbọ́n, àwọn agbábọ́ọ̀lù ńkọ́, ṣé wọ́n rí nǹkan mú nínú owó yẹn?

BàbáKíké:
Àjọkẹ́, o ṣeun, mo jẹ̀bi.

Àbúrò, ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. Owó yẹn ò kan agbábọ́ọ̀lù kankan. Ọ̀pọ̀ ọmọ ABA darúgbó láìrí owó ìfẹ̀yìntì gidi, àwọn míì kú sínú ìṣẹ́. Ọdún 2022 ni NBA àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó gbà láti san mílíọ̀nù 24.5 fún nǹkan bíi 115 lára wọn, àwọn tó gbá a fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán. Ọ̀gá mi ti lọ kí ìròyìn yẹn tó jáde. Ǹ bá pè é ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Má ta jẹ́sì yẹn o. Omi tútù ni kó o fi fọ̀ ọ́.