Ṣé kí n ra sovereign 1911 yìí àbí kí n yáa gbẹ́sẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ọgbọ́n ti tán nínú mi. London ni mo wà, mo fẹ́ ra owó góòlù sovereign kan fún ọmọ mi obìnrin tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Mo rí ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá kan tó ń ta nǹkan àtijọ́, ti 1911, orí ọba George V wà níwájú, ẹni tó ń gun ẹṣin pa dírágónì wà lẹ́yìn. Bàbá ní ó ṣọ̀wọ́n gan-an, ló bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé iye góòlù inú ẹ̀!

Mo gbé ìwọ̀n kékeré mi lọ, gíráàmù 7.98 ni, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 22, mágínẹ́ẹ̀tì ò sì fà á. Ọkàn mi ti ń balẹ̀ o, àfi bí ẹnìkan ṣe sọ fún mi pé àwọn ayédèrú kan wà tó jẹ́ góòlù gidi ni wọ́n fi ṣe é, pé wọ́n rọ irú ẹ̀ ní Beirut, ní Lebanon, láyé ọjọ́un, ìwọ̀n wo ló fẹ́ tú ìyẹn fó? Mo tún wo òkè ibi tí wọ́n kọ ọdún sí, kò sí lẹ́tà S, M, P tàbí C, tí wọ́n fi ń dá owó tí wọ́n rọ nílẹ̀ òkèèrè mọ̀, níbẹ̀, ìyẹn ni pé London níbí ni wọ́n ti ṣe é, bẹ́ẹ̀ ti London ọdún yẹn pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, ọ̀wọ́n wo ni bàbá ń wí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń rà á tipẹ́, kí ni kí n wò létí ẹ̀ tàbí lára lẹ́tà ẹ̀ tí màá fi dá ayédèrú onígóòlù mọ̀? Àti pé ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kí n san lé iye góòlù fún èyí tó ti lò díẹ̀ báyìí?