Wi-Fi ilé mi ń wọ́ bí ìgbín, ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ẹ̀yin ará mi, mo ń sanwó íntánẹ́ẹ̀tì tí ìyára rẹ̀ jẹ́ 300Mbps lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kì í rí ju 20 gbà, àwòrán mi sì máa ń dúró gbagidi níwájú ọ̀gá mi. Wọ́n ní router yìí, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi, ní ọ̀nà méjì, 2.4GHz àti 5GHz, àmọ́ orúkọ kan ṣoṣo ni mo ń rí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la ni wọn yóò fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́ tuntun. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Tóbi, Houston: Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ wọ inú ètò router náà, ẹ pa ohun tó so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, kí ẹ sì sọ wọ́n lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti 5GHz tó yára jù ni kí ẹ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ rí i pé ó gbàgbé èkejì, nítorí bí kò bá gbàgbé, yóò máa sá padà síbẹ̀.

Àkànní, Peckham: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe sùúrù! Ìmọ̀ràn yìí gan-an ló ná mi ní £80. Mo yí orúkọ méjèèjì padà lálẹ́ ọjọ́ kan, ni kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti iná pálọ̀ bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. 2.4GHz nìkan ni wọ́n mọ̀, orúkọ àtijọ́ ni wọ́n sì ń wá kiri. Mo rò pé kámẹ́rà ti bàjẹ́, mo ra òmíràn, mo ń fún un ní 5GHz, òun náà kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ mi ló ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ fún mi. Ìyá Ìbejì, ẹ fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ fún 2.4GHz, kí 5GHz nìkan gba orúkọ tuntun.

Bàbá Tóbi, Houston: Mo gbà, mo gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ní kí o sáré lọ ra kámẹ́rà kí o tó kàwé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dublin: Ti Àkànní sàn. Èmi rí "5G" lára router, mo rò pé ti fóònù ni, mo sì lọ fọwọ́ sí àdéhùn ọdún méjì fún síìmù 5G kí Wi-Fi ilé mi lè yára. Ìran karùn-ún nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó kan 5GHz inú ilé. Owó náà ṣì ń lọ títí di òní.

Àkànní, Peckham: Ìjẹ̀bú ná owó lásán? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní Òde.

Àdùkẹ́, Hounslow: Èmi kò fara mọ́ pé kí a pín in rárá. Bí ẹ bá gbé fóònù gòkè, yóò di 5GHz tí ògiri ti gbé mì mú títí yóò fi já, nígbà tí 2.4GHz wà níbẹ̀ tí kò rí i lò. Ẹ kọ́kọ́ gbé router kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Tèmi tilẹ̀ máa ń fi 5GHz sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé ìtòsí pápákọ̀ òfurufú ni mò ń gbé: àwọn channel (ojú ọ̀nà kéékèèké inú 5GHz) bíi 52 àti 100, rédà ló ni ibẹ̀, bí router bá sì ti gbọ́ rédà, dandan ni kó kúrò. Láti ìgbà tí mo ti gbé e sí channel 36 ló ti jókòó.

Bàbá Tóbi, Houston: Ẹ̀yin ará Ìlú Ọba ni bíríkì ń dààmú. Pákó ni ilé tiwa, 5GHz ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni ń lọ sọ́jà.

Àkànní, Peckham: Ẹ máa fi pákó yangàn títí ìjì yóò fi dé. Bíríkì tèmi ń bẹ níbẹ̀ láti ayé Fikitóríà. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí: abẹ́ igi ọsàn ní Ìbàdàn ni ìyá mi ti ń fi fóònù kékeré pè mí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, tèmi ló ń dúró gbagidi. Lánàá, ó ní, "Àkànní, ṣé wọ́n ń mú iná lọ níbẹ̀ náà ni?"

Ìyá Ìbejì, Manchester: Mo ti pín in bí Àkànní ṣe wí. Fóònù mi rí orúkọ tuntun náà, kọ̀ǹpútà kò rí i rárá. Láti 2012 la ti rà á.

Bàbá Tóbi, Houston: Ó lè jẹ́ pé kò ní 5GHz nínú, kò sì sí ètò tí yóò fún un. Àmọ́ ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ USB rẹ̀ kó lè rí 5GHz. Ní òru òní, ẹ fi wáyà so ó mọ́ router.

Ìyá Ìbejì, Manchester: Ìsàlẹ̀ ni router wà, níbi tí àwọn ìbejì ti ń jẹun ní aago mẹ́sàn-án. Ṣé wáyà gígùn kò ní dín ìyára rẹ̀ kù?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Dublin: Àkànní, igi ọsàn yẹn, ṣé ó ṣì ń so?