Ọdún 3 rèé, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi sọ níbi ìsìnkú bàbá wa kò kúrò lọ́kàn mi

Aránṣọ Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá wa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dìde láàárín èrò, ó ní èmi ni mo pa bàbá, pé owó oògùn wọn ni mo fi ra máṣíìnì. Èmi tí mo rán aṣọ ẹbí èèyàn 42 láìgba kọ́bọ̀! Léèsì náà kò tiẹ̀ dáa, ó ń tú létí, owó ara mi ni mo fi ra òwú. Kúlà ìrẹsì 3 ni wọ́n gbé jáde lẹ́yìn ìnáwó, wọn ò bu àwo kan fún mi. Títí di òní, bí mo bá ti jókòó ti máṣíìnì, ọ̀rọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀. Màá máa dá a lóhùn nínú ọkàn mi, gbogbo ohun tó yẹ kí n ti sọ lọ́jọ́ náà, títí abẹ́rẹ́ á fi gún mi lọ́wọ́. Mo ti gbààwẹ̀. Mo ti yí nọ́ńbà padà. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ irú ẹrù yìí kalẹ̀?

Ọmọ Olóyè: Dárí jì í. Ó tán.

Ìyá Àdúrà: Ọmọ mi, dárí jì í, kí ọkàn rẹ lè fúyẹ́.

Alákíyèsí: Ẹ jẹ́ ká fi ìdáríjì sílẹ̀ ná. Kò béèrè bí òun ṣe máa bá ẹ̀gbọ́n òun rẹ́. Ohun tó ń ṣe é, Yorùbá ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́: àròkàn, òun ló ń fa ẹkún àsun-ùn-dá. Arábìnrin, ẹ̀gbọ́n rẹ sọ tirẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Láti ọjọ́ náà, ìwọ lò ń sọ ọ́ fún ara rẹ. Mi ò dá ọ lẹ́bi o. Àṣà ló ti dà, bí ẹni tó ń gé èékánná jẹ, àṣà kì í sì í gbọ́ "má ṣe". Ní 1987, Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní káwọn èèyàn má ro béárì funfun fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n lu agogo nígbàkígbà tó bá wọlé sí wọn lọ́kàn. Agogo ń dún ṣáá ni.

Torí náà, má lé e. Nídìí máṣíìnì gan-an ni kó o ti ṣe é. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀. Sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́: "Àròkàn ti dé." Má sọ pé "ẹ̀gbọ́n mi burú", torí o ti tún gbé ẹjọ́ dìde nìyẹn. Wá wo ibi tó wà lára: ṣé ọ̀fun ni, ṣé àyà ni, àbí èjìká tó ti gòkè lọ bá etí? Ṣé ó gbóná, ṣé ó ń fún pọ̀? Má tún un ṣe, wò ó lásán. Lẹ́yìn náà, máa mí sínú kó o ka ení dé ẹ̀rin, máa mí síta kó o ka ení dé ẹ̀fà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò tó ìṣẹ́jú 2. Imú ni kó o fi mí, má sì fà á tipátipá, àwọn tó ń fà á tipátipá lòòyì ń kọ́. Kó o wá padà sórí aṣọ: ṣé ó le lábẹ́ ìka rẹ, àbí ó ń yọ̀? Ọ̀rọ̀ náà lè ti padà dé kó o tó rán apá búbà kan tán. Tún un bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé àwọn ò mọ̀ ọ́n ṣe nítorí pé ọkàn ń sá lọ. Mímọ̀ pé ó ti sá lọ gan-an niṣẹ́ náà.

Ọmọ Olóyè: Ẹ̀sìn Búdà lẹ ń kó wọlé báyìí.

Alákíyèsí: Ọ̀dọ̀ wọn ni irú àkíyèsí èémí àti ọkàn yìí ti ṣẹ̀ wá, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní 1979, Jon Kabat-Zinn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà, mú un wọ ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts fáwọn aláìsàn tí ìrora wọn kò lọ bọ̀rọ̀, láìmú ẹ̀sìn kankan mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ 8 ni ètò náà. Kò sóhun tẹ́nikẹ́ni ń bọ níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì: Àǹtí, ẹ ò sọ bẹ́ ẹ ṣe ń sùn, ẹ ò sọ bẹ́ ẹ ṣe ń jẹun. Ìgbà wo gan-an ló ń le jù?

Aránṣọ Mọ́kọ́lá: Ẹni tó ní àṣà ni, ṣé bí wọ́n bá pe ìwọ náà ní apànìyàn níwájú àna rẹ, àṣà lo máa pè é? Nọ́ọ̀sì, alẹ́ ló ń le jù, tí mo bá ti gbọ́ ọ tán.

Nọ́ọ̀sì: Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ kí ni tán?

Aránṣọ Mọ́kọ́lá: Fọ́ìsì nóòtì ni. Ó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ látòkè délẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 ó lé díẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ kí n tó sùn. Kì í ṣe lójoojúmọ́ o, bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, tàbí márùn-ún. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń dùn mí ni.

Ọmọ Olóyè: Háà! Ọwọ́ ara rẹ lo fi ń bu ata sójú egbò! Pa á rẹ́ kíá!

Ìyá Àdúrà: Pa á rẹ́, ọmọ mi. Kó o sì dárí jì í.

Alákíyèsí: Kó má pa á rẹ́ lálẹ́ yìí. Ohun téèyàn fìbínú pa rẹ́, á tún lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí míì tó ní in. Gbé e fún ẹni tó o fọkàn tán kó bá ọ tọ́jú rẹ̀, kó o wá yọ ọ́ kúrò lórí fóònù tìrẹ. Kí fóònù máa sun ilé ìdáná. Bó bá wù ọ́ láti lọ gbé e, jókòó ti ìfẹ́ yẹn, kó o máa wò ó. Á ru bí ẹ̀kọ tó ń hó, ṣùgbọ́n bí o ò bá koná mọ́ ọn, á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kó o sì fún àròkàn náà lákòókò tirẹ̀: aago 5 ìrọ̀lẹ́, ìṣẹ́jú 15, lórí àga, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Kọ gbogbo èsì tó o fẹ́ fún un sínú ìwé. Má kọ "kí ló dé tó fi ṣe mí báyìí", ìbéèrè yẹn kò nísàlẹ̀. "Kí ni mo fẹ́ ṣe lọ́la" ni kó o kọ. Bí áláàmù bá ti dún, dìde.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá: Fóònù ò lè sun ilé ìdáná. Oníbàárà máa ń pè mí.

Ọmọ Olóyè: Laago 11 òru?

Nọ́ọ̀sì: Ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀. Àǹtí, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá: Aago 3 ni mo máa ń jí, oorun ò sì ní padà mọ́. Ó ti tó oṣù 2. Búbà tí mo rán lọ́dún tó kọjá ti fẹ́ gba èèyàn méjì báyìí.

Nọ́ọ̀sì: Hẹn-ẹn, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Mo fẹ́ béèrè gbangba, bíbéèrè rẹ̀ kì í gbé e síni lọ́kàn: ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn pé ó sàn kẹ́ ẹ kú?

Aránṣọ Mọ́kọ́lá: Rárá. Kò débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì: Ó dáa. Bó bá débẹ̀ nígbàkígbà, ẹ má dá wà, lóòru ni o, lọ́sàn-án ni o, kí ẹnì kan tẹ̀ lé yín lọ sílé ìwòsàn. Bí oorun àti oúnjẹ bá ti dàrú lọ́pọ̀ ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, dókítà ló yẹ kó rí i, tiyín sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn lẹ wà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn UCH, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọkàn àti ọpọlọ. Kì í ṣe pé orí yín dàrú. Mímí tí Alákíyèsí kọ́ yín kò burú, ẹ máa ṣe é, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò dókítà. Bẹ́ ẹ bá sì ń wo inú ara, tẹ́rù bá fẹ́ bò yín mọ́lẹ̀, ẹ má fagídí. Ẹ la ojú sílẹ̀, ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ dárúkọ nǹkan 5 tẹ́ ẹ ń rí nínú yàrá.

Alákíyèsí: Nọ́ọ̀sì sọ òótọ́. Èmi ni mo yẹ kí n ti béèrè ọ̀rọ̀ oorun kí n tó sọ̀rọ̀ lọ rẹrẹẹrẹ.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá: Mo ti fi fọ́ìsì náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan, mo sì ti yọ ọ́ lórí tèmi. Màá lọ sí UCH lọ́jọ́ Ajé. Fóònù ti fẹ́ wọ ilé ìdáná báyìí, mo ní kí n kọ èyí kí n tó gbé e síbẹ̀. Ọwọ́ ń yún mi bíi kí n pe ọ̀rẹ́ mi pé kó dá a padà.

Alákíyèsí: Ibo ló ti ń yún ọ? Ṣé àtẹ́lẹwọ́ ni, àbí orí ìka?